Omi òkè, omi ilẹ̀: ohun tójú wa rí lórí ìnṣọ́ránsì ilé ní Houston

Ìyá Ìbejì, Katy:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa ní Houston. June ti fẹ́ wọlé, ibẹ̀ ni àsìkò hurricane, ìjì líle tó ń ti orí òkun wá, ti ń bẹ̀rẹ̀ títí di ìparí November, ni mo bá ní kí n sọ ohun tójú èmi àti bàbá àwọn ọmọ rí, kó má bàa ṣe ẹlòmíì. 2016 la ra ilé wa. Lọ́jọ́ tá a fẹ́ fọwọ́ síwèé, wọ́n ní ilé náà ò sí lágbègbè tó ti pọn dandan kéèyàn ra ìnṣọ́ránsì flood, ìyẹn ti omíyalé, àwa náà wá fi sílẹ̀, a ní ṣebí a ti ra ti ilé, kí ló tún kù.

Ìparí August 2017 ni hurricane Harvey dé. Atẹ́gùn kọ́ ló bá wa jà o, òjò ni, ó rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan láìdá, adágún Barker kún, omi wá ń rọra gun àdúgbò wa bọ̀ títí tó fi kàn wá lórúnkún nínú pálọ̀. Fíríìjì, bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ìgbéyàwó mi, fọ́tò àwọn ọmọ láti kékeré, gbogbo ẹ̀ ló bá omi lọ. Nígbà tí ẹni tí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rán wá máa dé, ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ibo lomi gbà wọlé. Mo ní ẹnu ọ̀nà ni. Ó ní ká ní atẹ́gùn ló ṣí òrùlé yín tí òjò wá gba ibẹ̀ wọlé ni, àwọn máa san, àmọ́ omi tó bá ti gba ilẹ̀ wọlé, flood nìyẹn, kò sí nínú ìwé yín. Kọ́bọ̀ wọn ò fún wa. FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèrànwọ́ nígbà àjálù, ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀, gbèsè la fi tún èyí tó kù ṣe, a ṣì ń san án dòní. Mo pe màmá mi n'Íbàdàn, àwọn tí wọ́n fojú ara wọn rí Omíyalé Ògùnpa 1980, wọn ò lè sọ̀rọ̀, ẹkún ni wọ́n ń sun lórí fóònù.

Ní báyìí a ti ra flood. Ètò ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NFIP ni, ó ti wà láti 1968, éjẹ́ǹtì lè bá yín rà á. Iye tó pọ̀ jù tó lè san lórí ilé ni dọ́là 250,000, lórí ẹrù dọ́là 100,000, ẹ sì ní láti sọ pé ẹ fẹ́ ti ẹrù torí ọ̀tọ̀ ni. Ẹ má dúró dìgbà tí tẹlifíṣọ̀n bá ń fi ìjì hàn lórí omi o, tẹ́ ẹ bá rà á lónìí, ó sábà máa ń tó ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bọ̀dá Richmond:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àfaradà, Ọlọ́run á dá gbogbo ẹ̀ padà fún yín. Tèmi, omi òkè ni. Hurricane Beryl tó jà ní July 8, 2024 ló ṣí ẹ̀gbẹ́ kan òrùlé mi, mo ní kò burú, ìnṣọ́ránsì mi mú atẹ́gùn. Àwọn tó ń kan òrùlé ní dọ́là 14,000. Ẹ wá gbọ́ ìṣirò tí wọ́n ṣe fún mi: wọ́n ní òrùlé náà ti lo ọdún mẹ́tàlá, iye tó kù lára ẹ̀ làwọn máa san, èyí tí wọ́n ń pè ní actual cash value, kì í ṣe iye tí tuntun ń lọ, wọ́n yọ 6,000, ó ku 8,000. Wọ́n ní deductible atẹ́gùn mi, ìyẹn owó tí èmi fúnra mi máa gbé kí wọ́n tó san tiwọn, jẹ́ 2%. Èmi rò pé 2% ohun tó bàjẹ́ ni, ìyẹn dọ́là 280. Rárá o! 2% iye tí wọ́n kọ sínú ìwé ìnṣọ́ránsì fún gbogbo ilé ni, 340,000 ló sì wà nínú ìwé mi, 6,800 nìyẹn, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú 8,000 yẹn. Nínú 14,000, dọ́là 1,200 ló dọ́wọ́ mi.

Ohun tó dùn mí jù ni pé èmi náà ni mo fọwọ́ sí i. Ní ọdún méjì ṣáájú, owó ìnṣọ́ránsì lọ sókè, inú owó ilé tá à ń san lóṣooṣù ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́, owó ilé náà wá fò sókè, mo bẹ éjẹ́ǹtì kó bá mi wá nǹkan ṣe sí i. Ó bá mi dín in lóòótọ́, kò tó 500 lọ́dún, àṣé deductible ló gbé láti 1% sí 2%, ó tún yí ti òrùlé padà. Mi ò kà á.

Ọmọkùnrin kan tún wá kanlẹ̀kùn lẹ́yìn ìjì náà, ó ní òun máa ṣe é tí mi ò fi ní san deductible rárá. Ẹ sá fún wọn! Òfin Texas ti ka ìyẹn léèwọ̀ láti September 2019, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì sì lè ní kẹ́ ẹ mú rìsíìtì wá pé ẹ san án.

Àǹtí Galveston:

Ẹ̀yin ṣì ń sọ ìwé méjì, mẹ́ta lèmi ń san: ti ilé, ti flood, ti atẹ́gùn. Létí òkun níbí, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń yọ atẹ́gùn àti yìnyín kúrò nínú ìwé ilé, ọ̀dọ̀ TWIA, àjọ ìnṣọ́ránsì atẹ́gùn tí òfin Texas dá sílẹ̀ fún etí òkun, ni púpọ̀ nínú wa ti ń rà á. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé níbí kó bèèrè WPI-8 kó tó sanwó, ìwé tó fi hàn pé wọ́n kọ́ ilé náà bí òfin atẹ́gùn ṣe wí nìyẹn, ẹ sì tún máa nílò ẹ̀ tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ òrùlé. Èmi pààrọ̀ tèmi láìpe ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, mo tún náwó lẹ́ẹ̀kejì kí ìwé náà tó jáde. Tí hurricane bá sì ti wọ Gulf, òkun tó wà létí Texas níbí, wọn kì í gba oníbàárà tuntun mọ́.

Ìyá Ìbejì, Katy:

Bọ̀dá, ọ̀rọ̀ yín ló jẹ́ kí n dìde lọ yọ ìwé tèmi. Ó wà lójú ewé àkọ́kọ́ tí wọ́n ń pè ní declarations: 2%, òrùlé náà, actual cash value. Àyà mi já. Mo ti kọ ìbéèrè sílẹ̀: èló ni tí mo bá dá a padà sí 1%, èló ni tí wọ́n bá máa san òrùlé bíi tuntun, ṣé 300,000 tí wọ́n kọ síbẹ̀ ṣì lè kọ́ ilé náà lónìí bí pákó àti owó iṣẹ́ ṣe wọ́n tó. Lọ́la, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, màá pe éjẹ́ǹtì, èsì tó bá fún mi màá kọ ọ́ síbí.