Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi gbé àwọn ọ̀rẹ́ mi jáde ní Àgbádárìgì

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Àgbádárìgì ni mò ń gbé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́fà tí a jọ kàwé ń bọ̀ láti Ìbàdàn lópin oṣù yìí, mo sì ti ṣèlérí fún wọn pé a ó gba ọkọ̀ ojú omi fún ọjọ́ kan: ká kọjá sí erékùṣù Gberefu, ká dé etí òkun, ká jẹun, ká sì rọra gba ojú ọ̀sà padà. Ọkọ̀ fáíbà tó ní ìbòrí ni mò ń wò. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ọ̀kan nínú wọn wà nínú oyún oṣù márùn-ún, ọ̀kan ò sì mọ omi wẹ̀ rárá, ẹ̀rù omi ń bà á gan-an. Àwọn yòókù ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì fẹ́ gbé ọtí sínú ọkọ̀. Kí ni kí n ṣe kí n tó sanwó?

Ìyá Ìbejì: Àbúrò mi, o ṣeun tó o kọ́kọ́ bèèrè. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fipá mú un, ẹ má sì fi í ṣẹ̀sín mọ́. Jẹ́ kó dé èbúté, kó wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, kó jókòó sínú ọkọ̀ nígbà tó ṣì wà lórí ìso. Bó bá lóun ò lọ, kí ẹnì kan dúró tì í. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n kọ́ parí ní 1845, kò jìnnà sí etí ọ̀sà, ọjà ẹrú àtijọ́ ní Vlekete náà ń bẹ níbẹ̀. Ọjọ́ rẹ̀ ò ní ṣòfò.

Ẹ tún rántí pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sábà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ wá ibi tí ẹ ó ti yà kẹ́ ẹ tó gbéra, pàápàá nítorí aláboyún.

Awakọ̀ Ìkòròdú: Ọkọ̀ èrò ni mò ń wà láti Ìkòròdú. Lọ wo ọkọ̀ náà fúnra rẹ lójúmọmọ. Fi ọwọ́ ara rẹ ka láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, má gba iye tí wọ́n bá sọ fún ọ gbọ́. Fa okùn rẹ̀ wò, wò ó bóyá ìdè rẹ̀ ṣì ń há dáadáa, bóyá ó tó ẹni tó sanra. Mo ti rí èrò tó ń jókòó lé e nítorí pé ó tutù tàbí ó ń rùn. Ẹ wọ aṣọ tó nípọn sábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí gbogbo yín ti dè é kí wọ́n tó tú ọkọ̀. Òfin ni, LASWA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà omi ní ìpínlẹ̀ Èkó, ò sì fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Wo okùn kékeré tí awakọ̀ máa ń so mọ́ ara. Bó bá ṣubú sómi, okùn yẹn ló máa pa ẹ́ńjìnnì, kí ọkọ̀ má baà yí padà gun èèyàn lórí. Awakọ̀ tó bá fi í kọ́ lásán, èmi ò ní wọ ọkọ̀ rẹ̀. Bèèrè àjẹ̀ àti ìdákọ̀ró pẹ̀lú.

Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ gbéra, torí afẹ́fẹ́ òkun máa ń le lọ́sàn-án, ìgbì a sì dìde. Bí òjò bá ṣú, ẹ dúró. Bí ojú oró bá wé mọ́ abẹ ẹ́ńjìnnì, kí awakọ̀ pa á kó tó yọ ọ́, kí ọ̀rẹ́ yín kankan má nawọ́ sí i. Ẹ má lọ jìnnà sápá ìwọ̀-oòrùn, omi yẹn ló lọ dé Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀rọ̀ ibodè sì ni. Kí ilẹ̀ má ṣú yín sórí omi.

Ọmọ Bàdàn: Ìgò bíà kan péré ò lè pa ẹnikẹ́ni o.

Awakọ̀ Ìkòròdú: Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ti mutí ló máa ń dìde dúró nínú ọkọ̀ tó ń sáré, òun náà ló máa ń tú láìfù-jákẹ́ẹ̀tì. Ẹ mu ún nígbà tẹ́ ẹ bá padà gúnlẹ̀.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Kí aláboyún bi dókítà rẹ̀ kó tó kúrò ní Ìbàdàn, nítorí ọkọ̀ tó ń sáré lórí ìgbì máa ń gbo èèyàn jìgìjìgì. Bí wọ́n bá gbà fún un, ẹ̀yìn ni kó jókòó sí, iwájú ló máa ń fò jù. Kí awakọ̀ rọra wà á. Kí wọ́n dé ní ọjọ́ tó ṣáájú, kó sinmi, torí ọ̀nà Mile 2 sí Àgbádárìgì lè tánni lókun.

Ọmọ Àgbádárìgì: Ní Gberefu, ẹ ó fẹsẹ̀ rìn lórí iyanrìn nínú oòrùn kẹ́ ẹ tó dé Point of No Return, etí òkun tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú wọ ọkọ̀ láyé àtijọ́. Ẹ gbé omi àti fìlà. Ọ̀nà yẹn ni kànga wà, èyí tí ìtàn sọ pé wọ́n fún àwọn ẹrú lómi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa orin tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, ojú ẹkún ni fún àwa ọmọ ìlú. Ẹ má sì wẹ̀ nínú òkun, ìgbì ibẹ̀ máa ń fa èèyàn lọ.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Ọtí ti kúrò nínú ètò. Ṣùgbọ́n ọlọ́kọ̀ ní òun fẹ́ fi èèyàn mẹ́rin tí a ò mọ̀ kún wa kí owó lè pé.

Awakọ̀ Ìkòròdú: Má gbà. Bèèrè iye èrò tí ọkọ̀ yẹn wà fún àti iye láìfù-jákẹ́ẹ̀tì tó wà nínú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá lágbára, ẹ san owó àyè tó ṣófo. Bó bá ṣì takú, gba ọkọ̀ mìíràn.