Ọ̀rẹ́ mi ní "bẹ́ẹ̀ kọ́", wọ́n bá fa mọ́tò rẹ̀ lọ

Ìyá Aládìrẹ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá ti gba mọ́tò padà lọ́wọ́ àwọn tó ń fa mọ́tò rí, ẹ jọ̀ọ́, kó wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Orí mi ti gbóná.

Kì í ṣe mọ́tò tèmi. Ọ̀rẹ́ mi ló ni ín, Kémta la jọ dàgbà sí, bẹ́ǹṣì kan náà la jọ jókòó lé níléèwé. Ọdún tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Apá ọ̀tún rẹ̀ ò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, ọ̀rọ̀ sì há. Gbogbo ohun tí ẹ bá sọ ló ń gbọ́ o, làákàyè rẹ̀ pé. Àmọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá, "bẹ́ẹ̀ kọ́" nìkan ló ń jáde geere. Ẹ bi í bóyá ó ti jẹun, kó sì ti jẹ ẹ̀bà yó, "bẹ́ẹ̀ kọ́" ni. Ojú rẹ̀ lẹ ó máa wò. Tó bá mi orí sísàlẹ̀, "bẹ́ẹ̀ ni" ló fẹ́ sọ. Tíṣà Yorùbá sì ni tẹ́lẹ̀ o, kí ó tó fẹ̀yìn tì.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ aládùúgbò wa tó ń bá a wa mọ́tò gbé e lọ sí Sápọ́n láti ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò ríbi gúnlẹ̀ sí, ó bá fi mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó sáré wọ ṣọ́ọ̀bù olóògùn. Ẹ̀bi wa nìyẹn, mi ò jiyàn. Ọ̀rẹ́ mi wà nínú mọ́tò. Àwọn òṣìṣẹ́ dé, wọ́n kan gíláàsì.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ ni mọ́tò yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ kọ́."

"Ṣé ẹ mọ ẹni tó gbé e síbí?"

"Bẹ́ẹ̀ kọ́."

Wọ́n ní kó sọ̀kalẹ̀. Ó fi ọ̀pá sọ̀kalẹ̀. Ìgbà tí ọmọ yẹn máa fi jáde pẹ̀lú ọ̀rá oògùn lọ́wọ́, màmá ló bá lórí ìdúró nínú oòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Mọ́tò ti lọ.

Mo dé ọ́fíìsì wọn lọ́jọ́ kejì, wọ́n ṣí ìwé ńlá kan fún mi, wọ́n ní ó wà lákọsílẹ̀ pé obìnrin tí àwọn bá nínú mọ́tò ní òun kọ́ ló ni ín. Mo ṣàlàyé, mo ṣàlàyé. Ọ̀gá ní kí ẹni tó ni mọ́tò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ló sì wà lórí ìwé mọ́tò, ọkọ yẹn ti kú láti 2021! Owó ìtanràn ₦20,000, owó ilẹ̀ ₦2,000 lóòjọ́. Ẹnì kan tó ń dúró lẹ́nu géètì wá yọ́ ọ̀rọ̀ sọ sí mi létí pé tí mo bá fi ₦35,000 lé òun lọ́wọ́, ilẹ̀ ò ní ṣú tí mọ́tò á fi jáde.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló ń lọ na apá àti ẹsẹ̀ ní ọsibítù Ìdí-Àbá. Kò lè gun ọ̀kadà. Kórópe ò sì ní dúró de ẹni tó ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni ń gbé odó. Kí ni kí n ṣe? Mi ò fẹ́ mú un lọ síbẹ̀ kí wọ́n tún wá máa da ìbéèrè bò ó níwájú èrò. Ojú máa ń tì í.

Dẹ́rẹ́bà Láfẹnwá

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá wa. Ẹ má fún ẹni ẹnu géètì yẹn ní kọ́bọ̀. Èmi fún irú rẹ̀ rí, ó ní òun ń lọ mú kọ́kọ́rọ́ wá. Mo ṣì ń retí ẹ̀.

Ẹ gba ìwé owó ìtanràn tó ní nọ́ńbà mọ́tò lára, ẹ san án sínú àkáǹtì ìjọba, ẹ ya fọ́tò rìsíìtì kí ẹ tó fi lé wọn lọ́wọ́. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ. Tí ẹ bá lọ lọ́sàn-án tí wọ́n ní ẹni tó ń fọwọ́ síwèé ti jáde, owó ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti gorí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ yẹ ìṣọ́ránsì rẹ̀ wò nílé, kí wọ́n má báà fi ìyẹn náà mú yín. Third party mọ́tò àdáni ti di ₦15,000 láti oṣù Kìíní 2023, kì í ṣe ₦5,000 àtijọ́ mọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò sì tún un ṣe.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí i pé ẹ ti gba mọ́tò, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo bátìrì. Ẹ ṣí bùútù, ẹ wo táyà àpamọ́ àti jáàkì. Bátìrì tuntun ni wọ́n yọ lára tèmi, wọ́n fi òkú kan síbẹ̀. Mo ti fọwọ́ síwèé kí n tó mọ̀.

Ọlọ́jà Sápọ́n

Ẹ máa bínú, àmọ́ títì Sápọ́n kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé ẹnikẹ́ni. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni gbogbo yín ń gbé mọ́tò sí, ẹ ó ní "mò ń bọ̀ báyìí". Ẹ san owó ìtanràn yín, kó tán síbẹ̀.

Ìyá Aládìrẹ

A ó san án, ọmọ ìyá. Wọn ò jẹ́ ká san án ni mo ń bá ariwo kiri.

Akọ̀wé Lọ́yà

Ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Ìbarà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìyá mi. Ọ̀rọ̀ méjì ló lọ́ mọ́ra yìí, ẹ jẹ́ ká tú wọn. Yíyí ìwé mọ́tò kúrò lórúkọ olóògbé, ọ̀rọ̀ ogún nìyẹn. Ilé ẹjọ́ gíga ló ń fún ìdílé níwèé àṣẹ, ó sì máa ń pẹ́. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ní ti kí mọ́tò jáde, ohun tí wọ́n fẹ́ rí ni pé kì í ṣe olè ló wá gbé e.

Ẹ lọ sí kóòtù ní Ìṣàbọ̀, kí opó náà ṣe ìwé ìbúra pé ọkọ òun ti kú, pé ọwọ́ òun ni mọ́tò wà, pé òun sì yàn yín kí ẹ máa gba ẹnu òun sọ̀rọ̀. Tí ọwọ́ ọ̀tún ò bá lè kọ̀wé, kó tẹ̀ka. Kí wọ́n ka ìwé náà sí i létí kó tó tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn kà á, ó yé e. Ẹ tètè sọ fún wọn pé orí mímì ni kí wọ́n máa wò o, kó má lọ búra òdì! Ẹ fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ikú, ìwé ìgbéyàwó, NIN rẹ̀ àti ìwé mọ́tò tó wà nílé tì í.

Èyí tó ṣe kókó jù ni ìwé dókítà. Kó má wulẹ̀ kọ "àrùn rọpárọsẹ̀" nìkan. Kó kọ ọ́ pé ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ, ṣùgbọ́n ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lè má jẹ́ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Òun ló máa gba ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé ńlá yẹn kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Òfin wà tó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí i ní oṣù Kìíní 2019. Ó wà níbẹ̀ pé níbi tí èrò bá ti tò, àwọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹ rọra sọ ọ́ o, ẹ má fi jà. Bí wọ́n bá ṣì fàáké kọ́rí, Public Complaints Commission wà, àjọ ìjọba tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú, láti 1975 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, wọn kì í sì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó mú ẹjọ́ wá.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Ẹ̀gbá

Ẹ kú ìtọ́jú wọn, mà. Apá òsì ọpọlọ ló sábà ń darí ọ̀rọ̀ sísọ, òun náà ló sì ń darí apá ọ̀tún ara, ìdí nìyẹn tí méjèèjì fi jọ lọ. Ẹ wá páálí, ẹ kọ BẸ́Ẹ̀ NI sí apá kan, BẸ́Ẹ̀ KỌ́ sí apá kejì, gàdàgbà gàdàgbà, kí wọ́n máa fi ìka òsì nà án. Ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹni tó bi wọ́n sì dákẹ́ díẹ̀.

Àmọ́ mà, ẹ ní ẹ ò fẹ́ mú wọn lọ. Àwọn ńkọ́? Ṣé ẹ ti bi wọ́n?

Ìyá Aládìrẹ

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yìí dùn mí, torí òótọ́ ni. Mi ò bi í. Mo kọ páálí náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀yìn káàdì àwọ̀ aṣọ ni mo kọ ọ́ sí. Mo ní, "Ṣé wàá bá mi lọ?" Ó ní "bẹ́ẹ̀ kọ́", ó sì fi ìka gún BẸ́Ẹ̀ NI débi pé páálí bọ́ lọ́wọ́ mi. Ohun tó tún fi ìka hàn mí ni àmì ohùn kan tí mo gbàgbé. Tíṣà ò lè ṣe kó má jẹ́ tíṣà.

A ṣe ìwé ìbúra, dókítà kọ tirẹ̀. "Aláàbọ̀ ara" tó wà nínú ọ̀rọ̀ akọ̀wé ò dùn mọ́ ọn, ó fajú ro, àmọ́ ó tẹ̀ka. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e la lọ. Ó fọwọ́ júwe pé kí n wé gèlè fún òun. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ la débẹ̀, mo ní kí wọ́n jẹ́ kó jókòó, wọ́n gbé àga wá. Ọ̀gá ka ìwé dókítà lẹ́ẹ̀mejì, ó wá bi í pé, "Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ ni mọ́tò?"

"Bẹ́ẹ̀ kọ́." Ìka òsì wà lórí BẸ́Ẹ̀ NI, digbí.

Ọmọdé òṣìṣẹ́ kan bú sẹ́rìn-ín, ọ̀gá wò ó, ó dákẹ́. Wọ́n fa ilà sí àkọsílẹ̀ àtijọ́ yẹn, wọ́n kọ tuntun sábẹ́ rẹ̀. A san ₦20,000 àti ₦14,000 owó ilẹ̀, wọn ò dín kọ́bọ̀. Ẹgbẹ̀rún kan péré ló fi dín sí ti ẹni ẹnu géètì, ṣùgbọ́n èyí ní rìsíìtì.

Dẹ́rẹ́bà Láfẹnwá, Ọlọ́run á bù kún ọ. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, bátìrì wà. Mo ṣí bùútù, táyà àpamọ́ wà. Òṣìṣẹ́ na bírò sí mi, ó ní, "Màmá, ṣé gbogbo ẹ̀ pé?" Kí n tó dáhùn, ọ̀rẹ́ mi tó fara ti ọ̀pá lẹ́yìn mi ti ní "bẹ́ẹ̀ kọ́". Mo wo páálí. BẸ́Ẹ̀ KỌ́ ni ìka wà.

Jáàkì ò sí níbẹ̀. Wọ́n ń wá a lọ.