Omi iyọ̀ wa kò wúwo tó omi òkun, kí ló fà á?

Ọmọ Òkè-Fìà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Òkun jìnnà sí wa ní Òṣogbo níbí, la bá po tiwa fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́: giramu 35 iyọ̀ ọbẹ̀ láti Ọjà Ọba, sínú lítà omi kan. Ìwé ní lítà omi òkun tí iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ 35 máa ń wúwo tó giramu 1023.3 ní 25 °C. Tiwa ò kọjá 1021. Ṣé haidirómítà, ohun tí a fi ń wọn ìwúwo omi, ló ń purọ́ ni?

Ìyá Kẹ́mísìrì: Kò purọ́ o. Ẹ da 35 lé odindi kílò omi lórí, gbogbo rẹ̀ di 1035, iyọ̀ inú kílò kan wá ku 33.8. Omi giramu 965 ló yẹ kí ẹ lò. Ìyẹn á gbé e dé bíi 1022.

Èyí tó kù, iyọ̀ ọbẹ̀ ló fà á. Sódíọ̀mù àti kílóráìdì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Nínú iyọ̀ òkun, sọ́féètì kó ìdá 7.7 nínú ọgọ́rùn-ún, magnesium kó 3.7, àwọn yẹn ló ń mú omi wúwo sí i. Bí ẹ bá fẹ́ po kílò kan omi tó jọ ti òkun: NaCl 23.9 g, Na₂SO₄ 4.0, KCl 0.68, NaHCO₃ 0.2. Ẹ yọ́ ìwọ̀nyí nínú omi dísítíìlì giramu 600. Nínú ike mìíràn, ẹ yọ́ MgCl₂·6H₂O 10.8 àti CaCl₂·2H₂O 1.5 nínú 300. Ẹ̀yìn ìgbà tí méjèèjì bá yọ́ tán ni kí ẹ dà wọ́n pọ̀, kí ẹ wá bu omi kún un títí òṣùwọ̀n á fi ka 1000. Bí ẹ bá da CaCl₂ gbígbẹ lé sọ́féètì tó ki, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun á silẹ̀, kò sì ní tètè yọ́. MgCl₂ tí ìgò rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lásìkò òjò ti fa omi sára, ìwọ̀n rẹ̀ á tàn yín jẹ.

Adéyẹmọ: Ẹ ti tẹmómítà bọ inú omi náà gan-an, kì í ṣe ti ara ògiri. Ní 30 °C, omi òkun gidi pàápàá ò ju 1021.7 lọ. Ẹ sì gbọn ìhó afẹ́fẹ́ kúrò lára haidirómítà, ó máa ń gbé e sókè.

Ọmọ Òkè-Fìà: Ẹ ṣeun gan-an ni. Ṣé a lè fi gsw, àkójọ ìṣirò omi òkun inú èdè kọ̀ǹpútà Python, yẹ̀ ẹ́ wò?

Ìyá Kẹ́mísìrì: Ẹ lè fi yẹ omi tuntun yẹn wò, kì í ṣe ti iyọ̀ ọbẹ̀. TEOS-10, ìlànà àgbáyé fún ìṣirò omi òkun tí gsw ń tẹ̀ lé, gbà pé àdàlù iyọ̀ òkun ló wà níbẹ̀. 35 ti ìwé àtijọ́ kò ní giramu nídìí, iná mànàmáná tó ń gba inú omi kọjá ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ní giramu, 35.165 ni nínú kílò kan. Iyọ̀ tí ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ti wà ní giramu, ẹ má tún yí i padà. Ẹ lo `gsw.CT_from_t(SA, t, 0)`, lẹ́yìn náà `gsw.rho(SA, CT, 0)`: SA ni giramu iyọ̀ inú kílò kan, t ni ìgbóná tí tẹmómítà kà, CT ni irú ìgbóná tí ìṣirò náà ń lò, rho sì ni ìwúwo omi. Òdo yẹn ni ojú omi. Ẹ má fi ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ kún un.