Ẹ gbà mí o, páànù cast iron (irin dídà) màmá mi ti dógùn-ún

Ẹyẹlé: Ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kan ló rẹ páànù yìí sómi tó gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀, ó ti pọ́n fòò, àwọ̀ dúdú inú ẹ̀ sì ti ń ṣí. Màmá ń bọ̀ ní Sátidé. Kí ni mo lè ṣe?

Ọmọ_alágbẹ̀dẹ: Ṣé ó ti sán ni? Fi ìka lù ú, tó bá dún gan-an bí agogo, ara ẹ̀ ṣì le. Tó bá jẹ́ ìpẹta lásán, kànrìnkàn onírin ti tó. Tó bá pọ̀, po fínígà àti omi ní dọ́gba-dọ́gba kó o rẹ ẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ìṣẹ́jú 30, torí tí ìpẹta bá ti tán, irin fúnra ẹ̀ ni fínígà máa kọjú sí.

Sùúrù: Má jù ú síná o!!! Wọ́n sọ fún mi pé iná á jó gbogbo ẹ̀gbin ẹ̀ dànù, mo sì gbé e sórí ẹyin iná, ẹ̀gbẹ́ kan pọ́n yòò, ẹ̀gbẹ́ kejì ò tíì gbóná, mo kàn gbọ́ "kà!" Nígbà tó tutù, ìlà kan ti gbà á láti etí dé ìdí. Ti ìyá àgbà mi ni. Ó ṣì ń dùn mí.

Adúnní2: Ah, pẹ̀lẹ́. Tèmi, omi tútù ni mo bù sí i nígbà tó gbóná, ó sán lójú mi.

Ẹyẹlé: Mi ò sọ̀rọ̀ iná o 😩

Àgbà_ilé: Ọṣẹ ò gbọdọ̀ kàn án láé.

Ọmọ_alágbẹ̀dẹ: Ìyẹn ọṣẹ ayé àtijọ́ tó ní kọ́sítíìkì sódà. Ọṣẹ ìfọwo òde òní ò lè bó àwọ̀ dúdú inú ẹ̀. Òróró tó ti yan mọ́ irin ni dúdú yẹn, kì í ṣe ọ̀rá tútù.

Àgbà_ilé: Èmi ò fọ tèmi lọ́ṣẹ rí, ó ń dán.

Tọ́lá_b: Páànù aluminium tèmi náà ti dúdú, ṣé kí n fi sódà yẹn fọ̀ ọ́?

Ọmọ_alágbẹ̀dẹ: Rárá o, á jẹ ẹ́! Ẹyẹlé, tó o bá ti fọ̀ ọ́, gbé e sórí iná díẹ̀ kó gbẹ pátá, fi òróró pa á, kó o wá nù ún títí ojú ò ní rí òróró lára ẹ̀ mọ́, dojú ẹ̀ dé sínú oven, 230 Celsius, wákàtí 1, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tí òróró ẹ̀ bá nípọn, á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Má lo òróró flaxseed, ó máa ń ṣí bí èèpo.

Ẹyẹlé: Ẹ ṣé gan-an. Mi ò ní oven, flaxseed náà ló sì wà nílé. Mo ti fi ọṣẹ àti kànrìnkàn bó ìpẹta ẹ̀, mo fi òróró yẹn pa á, mo sì yan án lórí sítóòfù lẹ́ẹ̀kan. Ó ti dúdú, etí ẹ̀ kan ṣì ń lẹ̀ díẹ̀. Màá fi han màmá bẹ́ẹ̀.