Obìnrin tí kò sí láyé rí ni wọ́n fowó ránṣẹ́ sí

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jẹ́ n sọ bí èmi oníṣòwò ṣe di ẹni tó ń kọ ìtàn.

Ẹsẹ̀ mi kì í gbélé. Mo ti ta ẹja yíyan láti Ẹ̀pẹ́, mo ti sin ìgbín (ẹ má bi mí bó ṣe parí), kí n tó fìdí kalẹ̀ sídìí àǹkárá. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Balógun, kò gbà ju èèyàn mẹ́ta lọ. Kútọnu ni mo ti ń kó ọjà: n ó jáde ní ìdájí, n ó gba Bàdágìrì dé ibodè Sẹ̀mẹ̀, n ó wọ ọjà Dantokpa, n ó máa fi ìka ná aṣọ pẹ̀lú àwọn tí mi ò gbọ́ èdè wọn. Ọkọ mi ní ewu ọ̀nà yẹn dùn mọ́ mi ju èrè ibẹ̀ lọ. Kò purọ́.

Oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba ti ibodè pa. Béèlì mẹ́rin tí mo ti sanwó wọn há sọ́hùn-ún. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ méjì ni. Oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n tó ṣí i. Kòrónà tún bọ́ sáàárín, kónílé-ó-gbélé sì dé.

Mo ní ẹgbẹ́ oníbàárà lórí WhatsApp. Fọ́tò aṣọ ni mo máa ń gbé síbẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ ti tán, bí mo bá sì dákẹ́, wọn ó gbàgbé mi. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nípa Àdùkẹ́, obìnrin tí ọjà rẹ̀ há sí ibodè, tó wá fẹ́ gba ojú omi lọ kó o. Èmi ò dán an wò o, ẹ̀rù omi ń bà mí. Àdùkẹ́ ni mo rán níṣẹ́.

Ọjà ló kọ́ mi ní ìtàn kíkọ. Kò sẹ́ni tó ń nájà tó ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí aṣọ wọ̀ lójú gan-an ló máa sọ pé àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, á tún ju ú sílẹ̀, á rìn ní ìṣísẹ̀ méjì, á máa retí kí o pe òun padà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń jẹ́ kí Àdùkẹ́ àti ọlọ́kọ̀ ojú omi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Tí ọwọ́ aṣọ́bodè bá sì ti kan àpò rẹ̀ báyìí, mo dúró. Ó dọ̀la. Alaalẹ́ ni wọ́n ń bú mi.

Àṣìṣe mi ni pé "èmi Àdùkẹ́" ni mo fi ń kọ ọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, àlàáàtì wọlé: 5,000 náírà, "fún Àdùkẹ́, kó fi wọkọ̀." Ó di ọjọ́ kẹta, owó ti pé 31,000. Mi ò sì tíì ta nǹkan kan láti oṣù tó kọjá. Ẹ má jẹ́ n tàn yín: mo ra ìrẹsì nínú ẹ̀. Ọjọ́ kẹrin ni mo tó jẹ́wọ́. Àwọn kan bínú jáde, ẹnì kan pè mí ní gbájúẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni mo dá owó padà.

Nígbà tí mo fẹ́ kó o jọ di ìwé, mo sọ ọ́ fún bàbá atẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ṣé mi ò gbọ́ ti Ṣẹ̀gilọlá rí ni? Pé ní 1929 sí 1930, lẹ́tà obìnrin kan báyìí ń jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, tó ń ro ayé rẹ̀ àti ẹjọ́ àwọn ọkùnrin rẹ̀ láti orí ibùsùn àìsàn. I. B. Thomas, tó ni ìwé ìròyìn náà, ló ń jókòó kọ gbogbo rẹ̀! Ọ̀pọ̀ ará Èkó gbà pé obìnrin náà wà. Oníṣòwò bíi tèmi nìyẹn kẹ̀.

Ìyá tó fi 5,000 ránṣẹ́, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kọ̀ láti gba tiwọn padà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo ti gbọ́ pé kò sí i. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti kúrò nílé, aṣọ kan ṣoṣo ló wà lọ́rùn rẹ̀. Bá mi ra òmíràn fún un."

Ní orí kẹjọ, Àdùkẹ́ ra àǹkárá aláwọ̀ aró, yáàdì mẹ́fà. Mo bá a ná an dé 4,500.