“Aláìlẹ́mìí”: ta ló bi iyọ̀ léèrè ẹ̀mí?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, mo kí yín o. Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa ní Ìkẹ́nnẹ́ kọ lálẹ́ àná, pé “aláìlẹ́mìí” ni kí á máa pe inorganic, orúkọ tí àwọn oníkẹ́mísìrì ń pe nǹkan bí iyọ̀ àti òkúta, láti òní lọ, nítorí pé “ohun tí kò ti ara ẹlẹ́mìí wá” ni. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ foríjì mí, kò tíì parí.

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní kẹ́mísìrì ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ní táàmù tó kọjá, mo gbé ìkarahun ìgbín sínú àwo, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ìfófòó wínníwínní ń gun ẹ̀gbẹ́ ìkarahun náà bọ̀ lókè. Mo ní gáàsì tí à ń mí síta ló ń jáde yẹn, pé kálísíọ̀mù kábọ́nétì ni ìkarahun, inorganic ni. “Aláìlẹ́mìí” ni èmi náà kọ sójú pátákó lọ́jọ́ náà. Ọmọbìnrin kan nawọ́: “Mà, ṣebí ìgbín ló fi ara rẹ̀ ṣe é? Ṣé ìgbín ò lẹ́mìí ni?” Èsì kò yọ lẹ́nu mi. Mo nu ọ̀rọ̀ náà kúrò, n kò sì tíì kọ ọ́ padà.

Àì- kò ṣẹ ẹnikẹ́ni; bí a ṣe hun ọ̀rọ̀ náà gún régé. “-lẹ́mìí” ni àrùn rẹ̀. Ọ̀rá tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì, organic, òdìkejì inorganic, ni lọ́dọ̀ àwa oníkẹ́mísìrì; bẹntiróòlù náà, organic ni. Ibo ni ẹ̀mí wà nínú ọ̀rá? Ẹ̀gbọ́n lè ní ara ohun ẹlẹ́mìí tó kú láyé ọjọ́un ni epo ti wá. Ó dáa. Òkúta tí wọ́n ń wà ní Ṣágámù láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì ńkọ́? Ìkarahun ohun inú òkun ló pọ̀ nínú rẹ̀, síbẹ̀ inorganic là ń pè é. Ẹ̀mí kọ́ là ń wò, kábọ́ọ̀nù ni, èròjà tó pọ̀ nínú èédú, bóyá òun ló gbé nǹkan náà ró.

Òótọ́ ni pé ẹ̀mí ni àwọn onímọ̀ Yúróòpù ń wò nígbà kan. Wọ́n gbà pé ara ohun alààyè nìkan ló lè ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní organic. Ní 1828 ni Friedrich Wöhler, ará Jámánì, ṣe yúríà, ohun tó wà nínú ìtọ̀, láti inú ohun tí wọ́n kà sí inorganic. Ó kọ̀wé sí Berzelius, ọ̀gá rẹ̀, pé òun ṣe é láìlo kíndìnrín ènìyàn tàbí ti ajá. Láti ìgbà náà ni ẹ̀mí ti ń kẹ́rù jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kí ló dé tí a fẹ́ bá a gbẹ́rù padà wọlé lédè Yorùbá?

Yúríà yẹn kan náà wà ní ìsọ̀ àwọn alájílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, 46-0-0, òǹkà oúnjẹ irúgbìn tó wà nínú rẹ̀, ló wà lára àpò rẹ̀. Inorganic ni àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn ń pè é, organic ni mò ń pè é ní kíláàsì. Àpò kan náà! Àwọn àgbẹ̀ ti yanjú tiwọn tipẹ́: “ajílẹ̀ òyìnbó” rèé, “ìgbẹ́ adìẹ” rèé. Ẹ jẹ́ kí ti ọjà dúró bẹ́ẹ̀, kí a wá ti kẹ́mísìrì.

Èmi dá “olópòó-kábọ́ọ̀nù” àti “aláìlópòó-kábọ́ọ̀nù” lábàá: kábọ́ọ̀nù ni òpó tó gbé ilé ró. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé opó, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú, ló wà níbẹ̀. Òpó, ohùn ìsàlẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi di olópòó. Ká ní opó ni, olópó ni à bá gbọ́. Mo mọ̀ pé kábọ́ọ̀nù wà láàárín ọ́síjìn mẹ́ta nínú ìkarahun ìgbín, ẹ ó sì bi mí bóyá òpó kọ́ nìyẹn. Bí òyìnbó ṣe yọ kábọ́nétì sọ́tọ̀ nínú òfin tiwọn ni àwa náà ó ṣe yọ ọ́. Ẹni tó sì ní kí n máa kọ “kábónù”, mo ti gbọ́, n kò gbà.

Ẹ̀gbọ́n tún ní gbogbo Rẹ́mọ ló ń sọ “aláìlẹ́mìí”. Ìpẹru ni wọ́n bí ìyá mi sí. Ọṣẹ dúdú ni wọ́n fi tọ́ wa: wọ́n á sun èèpo kòkó di eérú, wọ́n á kó o sínú ajere, wọ́n á da omi sí i títí omi eérú á fi máa kán tó, tó, wọ́n á fi se àdín. Ohun tí iná lè jẹ àti ohun tí iná ń jẹ kù, ọ̀nà méjì tí wọ́n pín nǹkan sí nìyẹn. N kò gbọ́ ẹ̀mí lẹ́nu wọn rí lórí eérú.

Wọ́n ní orúkọ fún lẹ́búlẹ́bú funfun tó ń kù nídìí ajere lẹ́yìn tí omi bá ṣẹ́ tán, tí kò yòrò mọ́. Mo gbọ́ ọ lọ́mọdé, ó ti fò mí lórí. Bí ìyá ẹnikẹ́ni bá ṣì ń se ọṣẹ ní Ìṣarà tàbí Òde-Rẹ́mọ, ẹ bá mi bi wọ́n, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i dáadáa.