Wọ́n ti gba àwòrán mi o!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ rántí pé mo béèrè bóyá kí n ya fọ́tò àwòrán mi pẹ̀lú gíláàsì ojú ẹ̀, fún Summer Exhibition, ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ti Royal Academy, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ní London. Ẹ ní kí n yọ ọ́ nínú férémù kí n gbé e sún mọ́ fèrèsé, mo ṣe bẹ́ẹ̀, àwọ̀ ewé tó ń dúdú tẹ́lẹ̀ wá yọ kedere, kódà ipa búrọ́ọ̀ṣì hàn. Fọ́tò yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ wò, wọ́n wá ní kí n gbé àwòrán gan-an wá sí Burlington House, ilé Royal Academy. Wọ́n sì gbé e kọ́! Òkè téńté ló wà, mo wò ó títí ọrùn fi ń ro mí, nínú ìpàtẹ tí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún láti 1769, omi bọ́ lójú mi. Ẹ ṣé gan-an, mo ti pa ọ̀rọ̀ yìí dé.